Ẹ̀rọ lésà fún ṣọ́ọ̀bù inú ilé: bí ẹ ṣe máa rà á láìfowó ṣòfò

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fi lésà gé nǹkan ni pé, "Èló ni wọ́n ń tà á?" Èyí tó máa ń tẹ̀ lé e ni, "Wáàtì mélòó ni kí n rà?" Kò sí èyí tó yẹ kó ṣáájú nínú méjèèjì. Kí lẹ fẹ́ gé? Irú iná wo ló ń dé ilé yín? Ibo ni èéfín máa gbà jáde? Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́ta yìí, ẹ̀rọ tó máa rà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ara rẹ̀ tán. Ẹni tí kò bá rí i á ra ẹ̀rọ tó dáa gan-an, á sì fi aṣọ bò ó sí kọ̀rọ̀ yàrá.

Ẹni tó fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́ ọwọ́ nílé ni mo ń bá sọ̀rọ̀: yẹtí onípákó, àpótí kékeré, pátákó orúkọ ẹnu ọ̀nà, bátánì àdìrẹ, ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín lóde ìnáwó. Ẹni tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀.

1. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ gé sílẹ̀

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ gé lóṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sí i, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó. Plywood mìlímítà 3. Perspex (ike líle tó dà bíi gíláàsì) tó mọ́ gaara. Awọ. Ankara. Igbá. Páálí. Bébà yẹn ló máa sọ irú lésà tí ẹ máa rà, torí irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń tàn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àkọ́kọ́ ni diode. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń tàn, nǹkan bíi nánómítà 450 (nánómítà ni wọ́n fi ń wọn ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Ó fúyẹ́, kò sì gba àyè púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju férémù irin kan lọ, tí orí lésà ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ó ń gé plywood tẹ́ẹ́rẹ́, páálí, awọ àti Perspex dúdú, ó sì ń ya nǹkan sára pákó àti igbá dáadáa. Èkejì ni CO2. Túùbù dígí gígùn kan tí wọ́n rọ gáàsì carbon dioxide, nitrogen àti helium sí ló ń mú ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ jáde, nánómítà 10,600, tí ojú èèyàn kò lè rí. Kumar Patel ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964, òun náà sì ni àwọn tó ń ṣe pátákó ìpolówó gbójú lé títí dòní. Ẹ̀kẹta ni fiber, nánómítà 1,064. Ti irin nìyẹn: ó ń kọ orúkọ sára òrùka, ago irin àti kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀ níbí.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tó tà àti ẹni tó rà ni Perspex tó mọ́ gaara. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ti diode máa ń gba inú rẹ̀ kọjá bí oòrùn ṣe ń gba inú gíláàsì fèrèsé wọlé. Kò ní gé e. Kì í ṣe pé wáàtì rẹ̀ kéré: ẹ ra oníwáàtì 40, ó ṣì máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ti CO2 ni Perspex máa ń gbé mì pátápátá, ó sì máa ń gé e tí etí rẹ̀ á máa dán. Nítorí náà, bí Perspex tó mọ́ gaara bá wà lókè bébà yín, CO2 lẹ máa rà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bátánì àdìrẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, páànù ni wọ́n ti ń gé bátánì àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti ayé àwọn bàbá wa. Lésà inú ilé kò lè gé páànù. Rọ́bà polyester tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mylar ni àwọn tó ń fi lésà ṣe bátánì ń lò, torí ó ṣeé fọ̀, ẹ̀kọ kì í sì bà á jẹ́. Bí Mylar náà bá mọ́ gaara, CO2 náà ló máa gé e.

Ní ti pákó, arère ló rọrùn jù fún lésà kékeré, torí ó fúyẹ́, kò sì le. Ìrókò le púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dúdú kí lésà tó là á já; kíkọ nǹkan sí i lára ló dára fún. Plywood ọjà wa ní ìṣòro tiẹ̀: gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kì í dọ́gba, ihò sì máa ń wà láàárín, tó fi jẹ́ pé lésà á gé apá kan já, á fi apá kejì sílẹ̀. Ẹ gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì kọ èyí tó bá ti tẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ lésà láéláé, PVC, irú ike kan, sì ni olórí wọn. Bí lésà bá jó PVC, gáàsì hydrogen chloride ló ń tú jáde: ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń mú kí irin ẹ̀rọ dípẹtà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé PVC pọ̀ láàárín wa láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ rẹ́síìnì tí wọ́n fi ń ṣe àga àti báàgì, PVC ni. Sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò, PVC ni. Ẹni tó ń tà á á sọ fún yín pé awọ gidi ni.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò rèé. Ẹ bọ́ ara wáyà iná kan títí bàbà inú rẹ̀ á fi hàn, kí ẹ fi ẹ̀mú dì í mú. Níta gbangba, ẹ fi ẹnu bàbà náà sínú iná gáàsì títí á fi pọ́n, tí kò sì ní yí àwọ̀ iná náà padà mọ́. Ẹ wá fi kan rẹ́síìnì náà kí díẹ̀ yọ́ mọ́ ọn lára, kí ẹ tún dá a padà sínú iná. Bí iná náà bá tàn ní àwọ̀ ewé, chlorine wà nínú rẹ̀. Ẹ jù ú nù. Bí kò bá tàn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe PVC.

ABS àti polycarbonate, irú ike méjì mìíràn, náà kò dára: ABS ń yọ́, ó sì ń tú èéfín olóró, polycarbonate ń gbiná, kì í sì gé dáadáa. Polycarbonate jọ Perspex débi pé ojú lásán lè má mọ ìyàtọ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè orúkọ ohun tí ẹ ń rà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

2. Ẹ wo iná ilé yín

Níbí ni ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú ti gbọ́dọ̀ yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ nǹkan láti ìlú tí iná kì í ti í lọ.

Diode tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 10 ń jẹ iná tó tó wáàtì 60 tàbí díẹ̀ sí i. Oníwáàtì 20 ń jẹ nǹkan bíi 120. Inverter tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fáànù á gbé e láìmira. CO2 oníwáàtì 40 ń jẹ 400 sí 500 fúnra rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń mú omi rẹ̀ tutù kún un, kí ẹ fi fáànù èéfín àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn kún un, ẹ ti dé 1,000 wáàtì tàbí kí ẹ kọjá bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e. Bí ilé yín bá wà lórí Band A, ẹ lè máa fi iná ìjọba ṣe é. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi owó epo kún ìṣirò yín kí ẹ tó pinnu.

Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í rántí ibi tó dé, ohun tó ti gé dé ìdajì ti bàjẹ́ nìyẹn. Fún diode, inverter ni ojútùú rẹ̀. Fún CO2, ẹ pín iṣẹ́ ńlá sí kéékèèké, kó má baà jẹ́ pé gbogbo abala Perspex kan ló máa ṣòfò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí iná tó padà dé, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì: ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń ga jù. Ẹ má fi CO2 ṣiṣẹ́ láìsí stabilizer.

Earth, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, wá ńkọ́? Ohun tó ń tan túùbù CO2 ń rán nǹkan bíi 20,000 fọ́ọ̀tì sí i. Bí wáyà yẹn bá kan ara ẹ̀rọ, tí ilé yín kò sì ní earth, ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà ni iná máa gba ara rẹ̀ wọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ kò ní earth rárá, àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kàn ní ihò mẹ́ta lásán. Ẹ pe oníná tó mọṣẹ́, kó fi míta rẹ̀ wò ó, kó sì ri ọ̀pá earth mọ́lẹ̀ bí kò bá sí. Mi ò ní dín ọ̀rọ̀ yìí kù nítorí ẹnikẹ́ni: ilé tí kò bá ní earth, kí wọ́n má ra CO2.

3. Ẹ yan ẹ̀rọ

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ka èyí, diode oníwáàtì 10 sí 20 tó wà nínú àpótí tirẹ̀ ni mo máa ní kí wọ́n rà. Oníwáàtì 10 á gé plywood mìlímítà 3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ kò bá kánjú. Oníwáàtì 5 náà á gé e, àmọ́ ó lè tún ojú ibẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ ṣọ́ra fún irọ́ wáàtì. Ẹ máa rí ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 80W tàbí 160W gàdàgbà sí lára páálí rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ kò sì ju 10 tàbí 20 lọ. Iná tó ń jẹ ni wọ́n kọ, tàbí kí wọ́n kàn kọ iye tó wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá nínú àlàyé rẹ̀ ni "optical output power", ìyẹn agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde gan-an. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn ìyẹn, ẹ lọ síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àpótí kì í ṣe ti ẹwà. Diode tó ṣí sílẹ̀ gbayawu wà ní ìsọ̀rí kẹrin, Class 4, èyí tó léwu jù nínú ìpínsísọ̀rí lésà: ìtànṣán tó bá ta padà láti ara irin lè fọ́ ojú kí ẹni náà tó ṣẹ́jú. Èyí tó wà nínú àpótí tó pa dé dáadáa, tó sì ń kú fúnra rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìdérí, Class 1 ni. Bí ọmọdé bá wà nínú ilé, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, alápòótí ni kí ẹ rà, kódà bí wáàtì rẹ̀ bá kéré sí ti èkejì. Bí ẹ bá ra èyí tó ṣí sílẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé awò aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi sínú páálí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ra awò tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń dí nánómítà 450, tí nọ́ńbà OD rẹ̀ (bó ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ tó) sì tó 5, ẹ ra tó gbogbo ẹni tó ń wọ yàrá náà.

Bó bá jẹ́ CO2 ni bébà yín yàn, èyí tó kéré jù tó sì wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀rọ búlúù láti Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní K40. Àyè iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 300 sí 200, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ju bébà A4 lọ. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà lára rẹ̀ fún ẹni tó rà á: èyí tó pọ̀ nínú wọn kì í kú bí ẹ bá ṣí ìdérí, ìsopọ̀ earth rẹ̀ kì í dúró dáadáa, àwọn dígí tó ń darí ìtànṣán rẹ̀ kì í sì tò kó tó dé. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa tú nǹkan tó ń tò ó á gbádùn rẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ tẹ bọ́tìnnì kò ní gbádùn rẹ̀ rárá.

Ẹ béèrè irú bọ́ọ̀dù (ọpọlọ ẹ̀rọ) tó wà nínú ẹ̀rọ náà, torí òun ló ń pinnu sọ́fítíwia tí ẹ máa lò. Ọ̀pọ̀ diode ń lo GRBL, ètò kan tó ń darí ẹ̀rọ. LaserGRBL wà fún un lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Windows. MeerK40t wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún K40. Àwọn CO2 tó tóbi díẹ̀ sábà máa ń ní bọ́ọ̀dù Ruida. LightBurn ló rọrùn jù lọ́wọ́ mi, àmọ́ owó ni wọ́n ń fi rà á. Inkscape, tí ẹ máa fi ya àwòrán, ọ̀fẹ́ ni.

4. Omi, fún ẹni tó bá yan CO2

Mo ya èyí sọ́tọ̀ torí ibẹ̀ ni ooru ilẹ̀ wa ti ń pa túùbù.

Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn yí túùbù ká ní gbogbo ìgbà tí lésà bá ń tàn. Bí kò bá ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, dígí á sán. Àwọn tó ń tà á á sọ pé àwọn máa fi chiller (ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù) CW-3000 kún un. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ chiller tàn yín jẹ: CW-3000 kò ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, fáànù àti rédíétọ̀ lásán ni, kò sì lè mú omi tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Yàrá tó bá ti gbóná dé 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi inú rẹ̀ á ju 32 lọ, nígbà tó jẹ́ pé láàárín 15 sí 25 ni túùbù ń fẹ́. CW-5000 àti CW-5200 ló ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíi ti fíríìjì. Ìyẹn ni ilẹ̀ yìí ń béèrè.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì tó lè fi kúlà ńlá tó kún fún omi bẹ̀rẹ̀, kó máa ju ìgò omi dídì tí wọ́n dé pa sínú rẹ̀. Ẹ fi tẹ̀mómítà síbẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ tutù jù: ní Èkó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lómi nínú, omi tó bá wà ní 18 á mú kí ìrì sẹ̀ sára túùbù, ìrì àti 20,000 fọ́ọ̀tì kì í sì gbé pọ̀. Nítòsí 25 ni kí ẹ fi sí tí yàrá kò bá ní AC.

Omi distilled nìkan ni. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ ní iyọ̀ nínú, iná á máa gba inú rẹ̀ rìn. Omi tó ń kán láti ara AC kò mọ́ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ lè rí distilled rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí ásíìdì bátìrì náà máa ń wà nínú irú ike kan náà lórí tábìlì kan náà.

5. Ibi tí èéfín máa gbà

Fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ nìkan kò tó. Páìpù ínǹṣì 4 ló yẹ diode àti K40. Ẹ̀rọ tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ínǹṣì 6. Ẹ fi fáànù tó ń fa èéfín sí ẹnu páìpù lápá fèrèsé, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Bó bá wà lápá fèrèsé, ó ń fa gbogbo páìpù náà, tó fi jẹ́ pé bí páìpù bá lu níbì kan, afẹ́fẹ́ yàrá ló máa gba ibẹ̀ wọlé, èéfín kò ní tú síta nínú yàrá. Ẹ dín kọ́nà páìpù kù.

Ẹni tó ń gbé face-me-I-face-you, fèrèsé ta ni èéfín yẹn máa dojú kọ? Èéfín MDF (pákó tí wọ́n fi ẹ̀rún igi àti gọ́ọ̀mù ṣe) kì í ṣe òórùn tí aládùúgbò máa fara mọ́, landlord á gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí kò bá sí ibi tí ẹ lè darí rẹ̀ sí, ẹ kúkú gbé ẹ̀rọ náà lọ síbi tó ní àyè lẹ́yìn.

Sílíńdà ìpaná gbọ́dọ̀ wà nítòsí, oní-CO2 ni kí ó jẹ́; oníyẹ̀fun á paná lóòótọ́, àmọ́ yẹ̀fun rẹ̀ á ba dígí, lẹ́ńsì àti bẹ́lìtì jẹ́. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ tó ń gé nǹkan sílẹ̀ lọ bu oúnjẹ. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí ojú ibi tí lésà ń gé kì í jẹ́ kí iná ràn, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ̀rọ tí ẹ ń rà ní in.

6. Kí ẹ tó sanwó

Ẹ lọ sí Ṣómólú ná, tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń fi lésà gé nǹkan fún aráàlú nítòsí yín. Ẹ mú fáìlì tí ẹ yà dání, pẹ̀lú pákó tàbí Perspex tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ san owó kí wọ́n gé e. Ẹ dúró wò ó. Ẹ máa rí bó ṣe ń pẹ́ tó, bó ṣe ń rùn tó, bí etí rẹ̀ ṣe ń dúdú tó. Ẹlòmíràn á rí i níbẹ̀ pé iṣẹ́ tí òun ní lóṣù kan kò tó ẹ̀rọ rà, pé kóun máa gbé e wá síbẹ̀ ló pé òun jù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣì fẹ́ rà á, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ta ló ń bá wọn tún ẹ̀rọ wọn ṣe àti ibi tí wọ́n ti ń ra túùbù, kí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀.

Ní ti owó, ẹ má ná gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ yín sórí ẹ̀rọ nìkan. Ẹni tó fẹ́ ra diode, kó yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀ fún fáànù, páìpù, awò, sílíńdà àti pákó tó máa fi kọ́ṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra CO2, kó yọ tó ìdajì, torí chiller, stabilizer àti earth kì í ṣe owó kékeré, túùbù aláìlówólórí sì lè kú lẹ́yìn 1,000 wákàtí tàbí méjì irú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé láti Ṣáínà lẹ fẹ́ rà á, iye tó wà lójú ọjà kọ́ ni ẹ máa san. Ìwọ̀n àyè tí páálí gbà ni wọ́n fi ń gba owó bàálù bí ó bá ju ìwọ̀n kílò rẹ̀ lọ: ẹ fi sẹ̀ǹtímítà ìgùn, ìbú àti gíga sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 6,000. Páálí diode tó jẹ́ 60 sí 40 sí 20 máa jẹ́ kílò 8. Páálí CO2 tó jẹ́ 100 sí 60 sí 40 máa jẹ́ kílò 40, bí kò tilẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀. Nítorí ìyẹn, diode lè wọ bàálù. Ojú omi ni CO2 ń gbà. Ẹ bá àjẹ́ńtì sọ ọ́ kó yanjú pé owó tó máa gbà ti kó owó kọ́sítọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ gbà á lákọsílẹ̀.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé 220 fọ́ọ̀tì lẹ fẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó bá ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà lè fẹ́ bá yín gbé e bọ̀: diode kò léwu, torí ádáptà rẹ̀ sábà máa ń gba 100 sí 240, ẹ ṣáà kà á lára rẹ̀. CO2 ibẹ̀, 110 ni.

7. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ tàbí àlòkù

Ẹ má ra CO2 àlòkù tí wọn kò tan lójú yín. Ẹ mú tépù, táàpù oníbébà tí àwọn akunlé máa ń lò, àti Perspex mìlímítà 3 dání.

Ẹ kọ́kọ́ fi tépù wọn túùbù. Ìgùn túùbù kì í purọ́: oníwáàtì 40 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 700, oníwáàtì 80 jẹ́ nǹkan bí 1,200, oníwáàtì 100 sì ju 1,400 lọ. Ẹni tó bá ní 100 ni túùbù mítà kan, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ ní kó tan án, kí ẹ wo àwọ̀ inú túùbù láti ẹ̀yìn ìdérí. Túùbù tó ṣì lágbára máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò. Èyí tó ti ń kú lọ máa ń funfun. Ẹ wo míta mA, èyí tó ń fi iye iná tó ń wọ túùbù hàn: túùbù oníwáàtì 40 tó bá jẹ́ ìgbà tó dé 18 ló tó lè gé Perspex mìlímítà 3 yẹn já ti di arúgbó. Ẹ yọ owó túùbù tuntun kúrò nínú iye tó pè, tàbí kí ẹ máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ táàpù oníbébà mọ́ ojú ihò tí ìtànṣán ń gbà wọ orí lésà. Ẹ pa ìdérí dé, ẹ gbé orí náà lọ sí igun kan, kó tan lésà fìrí. Ẹ máa rí àmì dúdú kékeré kan lára táàpù. Ẹ má yọ táàpù náà. Ẹ gbé orí lọ sí igun kejì, ìkẹta, ìkẹrin, kí ẹ máa tàn án. Bí àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà lójú kan náà, dígí rẹ̀ tò. Bí wọ́n bá fọ́n ká, wọ́n ṣeé tò, kò ba ẹ̀rọ jẹ́, àmọ́ ó sọ fún yín pé ẹni tó ni ín kò tọ́jú rẹ̀. Ẹ yọ lẹ́ńsì kí ẹ wò ó: bó bá sán tàbí tó jó láàárín, ẹ má fọwọ́ lásán kan ẹ̀rún rẹ̀, torí zinc selenide ni wọ́n fi ṣe é, olóró sì ni.

Diode àlòkù kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó gé plywood mìlímítà 3 lójú yín, kí ẹ sì wo bóyá bẹ́lìtì rẹ̀ ti dẹ̀.

8. Ìgbà tó bá délé

Ẹ ṣí páálí CO2 kí awakọ̀ tó gbé e wá tó lọ, kí ẹ sì máa ya fídíò bí ẹ ṣe ń ṣí i. Túùbù lẹ máa kọ́kọ́ wò, látòkè délẹ̀, pàápàá níbi tí páìpù omi ti so mọ́ ọn. Ẹ rọ omi, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn fún wákàtí kan láìtan lésà. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú túùbù, ẹ gbé apá kan ẹ̀rọ sókè títí á fi jáde.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa fi ẹ̀rọ yín ṣe kì í ṣe orúkọ ìyàwó tàbí ọkọ. Ẹ gé igun mẹ́rin kéékèèké lọ́pọ̀ sára pákó kan, kí agbára yàtọ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí eré sì yàtọ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi bírò kọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi kọ́ ara ògiri. Ẹ ṣe ti plywood, ẹ ṣe ti awọ, ẹ ṣe ti Perspex. Bí ẹ bá ra plywood lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ tún un ṣe, torí gọ́ọ̀mù wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya igun mẹ́rin kan tó jẹ́ mìlímítà 20 lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ gé e, kí ẹ fi kálípà wọn èyí tó jáde. Bó bá jẹ́ 19.8, lésà ti jẹ 0.2 nínú rẹ̀. Ẹ fi 0.1, ìyẹn ohun tó jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sí ibi tí sọ́fítíwia yín ti ń béèrè kerf offset, àpótí tí ẹ bá gé lẹ́yìn náà á há mọ́ ara rẹ̀ pinpin láìsí gọ́ọ̀mù.